Ìràwọ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oòrùn: Ẹjọ́ tí a dá ní 1919

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti inú kíláàsì jáde pẹ̀lú èrò pé Isaac Newton gbà pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀ gún gbọọrọ nígbà gbogbo, àti pé Albert Einstein ni ó kọ́kọ́ sọ pé ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọjá lẹ́bàá ohun tí ó tóbi tí ó sì wúwo bí oòrùn. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Newton gan-an ni ó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ sì ti ṣe ìṣirò iye tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi tẹ̀, ní ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ kí a tó bí Einstein. Iye yìí ni ọ̀ràn tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Ìlànà Newton fún un ní ìdajì, ìlànà Einstein fún un ní odindi. Nítorí ìdajì àti odindi yìí ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin fi wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool ní Oṣù Kẹta 1919, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀.

Newton kọ ìwé kan lórí ìmọ́lẹ̀, *Opticks*, tí ó jáde ní 1704. Ní òpin ìwé náà ni ó to àwọn ìbéèrè kan sí. Ìkíní nínú wọn ni pé ǹjẹ́ àwọn ohun tí ó ní ara kì í nípa lórí ìmọ́lẹ̀ láti òkèèrè, kí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ tẹ ìtànṣán rẹ̀? Kò dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, wóró kéékèèké ni ìmọ́lẹ̀, wóró tí eré rẹ̀ kọjá sísọ. Bí ó bá sì jẹ́ wóró ni, kò sí ìdí tí agbára tí ń fa èso bọ́ láti orí igi kò fi ní í fa òun náà. Agbára yìí ni àwọn olùkọ́ ń pè ní òòfà ilẹ̀. (Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Òòfà tí alágbẹ̀dẹ mọ̀, irin ni ó ń fà. Èyí tí Newton ń sọ ń fa ohun gbogbo, kì í sì ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó ní in: oòrùn ní in, òṣùpá ní in, òkúta ẹ̀bá ọ̀nà pàápàá ní in níwọ̀nba.)

Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ Newton tí ó mú kí ìṣirò náà rọrùn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, ohun tí ó wúwo àti ohun tí ó fúyẹ́ dọ́gba ní bíbọ́ sílẹ̀. Ọmọ odó àti ẹyọ àgbàdo kan tí a jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi kan náà yóò balẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni mọ bí wóró ìmọ́lẹ̀ kan ti wúwo tó. Bí ó bá ti mọ bí ó ti ń sáré tó, ó parí. Henry Cavendish ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò náà sórí ìwé pélébé kan, kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀. Ní 1801, Johann Georg von Soldner, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ṣe tirẹ̀ ní kíkún. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó bá gba etí oòrùn kọjá yóò tẹ̀ ní 0.84 àáyá-igun.

Báwo ni àáyá-igun ti rí? A pín òbírí kan sí 360 dígírì, a pín dígírì kan sí 60 ìṣẹ́jú, a sì tún pín ìṣẹ́jú kan sí 60 àáyá. Ẹni tí ó bá dúró ní ibi tí ó jìn ju kìlómítà márùn-ún lọ, tí ó sì ń wo owó ẹyọ kan tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, bí owó náà ti fẹ̀ tó lójú rẹ̀ ni àáyá-igun kan. Soldner fúnra rẹ̀ kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí da ara rẹ̀ láàmú, nítorí kò sí ẹni tí ó ń rí ìràwọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oòrùn ní ọ̀sán gangan.

Ọ̀rọ̀ náà sùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ físíìsì wá gbà pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, bí ìgbì ojú omi. Ta ni yóò sì máa ṣírò bí òòfà ti ń fa ìgbì? Láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn pátápátá ni Einstein fi jí i dìde ní 1911, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Prague. Àkàwé tí ó fi ṣàlàyé èrò rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ti ọkùnrin kan tí ó wà nínú àpótí ńlá, níbi tí ó jìnnà réré sí oòrùn àti sí ilẹ̀. Bí nǹkan kan bá ń fa àpótí náà sókè, tí eré rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà yóò tẹ ilẹ̀ àpótí, ohun tí ó bá jù sílẹ̀ yóò bọ́ sísàlẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá láti mọ̀ bóyá wọ́n ń fa òun sókè ni tàbí orí ilẹ̀ ayé ni òun dúró sí. Wàyí o, bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò ara ògiri kan wọlé, kí ó tó dé ògiri kejì, àpótí ti gòkè díẹ̀. Lójú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ti tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí a bá sì gbà pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin àpótí tí a ń fà àti èyí tí ó jókòó sórí ilẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbà pé ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ níbikíbi tí òòfà bá wà. Iye tí Einstein rí ní 1911 ni 0.83. Ọ̀nà méjì tí kò jọ ara wọn rárá ni òun àti Soldner gbà, ibì kan náà ni wọ́n sì bá já.

Einstein bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ pé kí wọ́n lọ wò ó. Ìgbà kan ṣoṣo ni a lè rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn: nígbà tí òṣùpá bá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá tí ọ̀sán sì dòru fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A ó ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ náà nínú òkùnkùn ọ̀sán yìí. A ó tún ya àwòrán wọn ní òru oṣù mìíràn, nígbà tí oòrùn ti kúrò láàrin wọn. Lẹ́yìn náà a ó fi àwòrán méjèèjì wéra. Bí oòrùn bá tẹ ìmọ́lẹ̀ ní tòótọ́, ìràwọ̀ yóò dà bí ẹni tí ó sún díẹ̀ kúrò lẹ́bàá oòrùn.

Ní 10 Oṣù Kẹwàá 1912, àwọn tí Charles Perrine kó wá láti ibùdó ìwòràwọ̀ Córdoba ní Ajẹntínà dúró de oòrùn ní Bràsíìlì. Òjò ni wọ́n rí. Ní 1914, Erwin Freundlich ti Berlin kó irinṣẹ́ lọ sí Crimea ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nítorí pé òṣùpá yóò bo oòrùn ní 21 Oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù náà ni Jámánì gbógun ti Rọ́ṣíà. Wọ́n mú Freundlich àti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé irinṣẹ́ wọn. William Campbell, ará Amẹ́ríkà, wà nítòsí Kiev ní àkókò kan náà. Wọn kò mú un, nítorí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò tíì sí nínú ogun, ṣùgbọ́n ìkúukùu bo ojú ọ̀run.

Àwọn tí ń yin Einstein a máa yára kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ. Ká ní ojú ọjọ́ dára ní 1912 tàbí ní 1914 ni, iye tí àwọn awòràwọ̀ ìbá rí ìbá tó ìlọ́po méjì èyí tí Einstein sọ. Tíọ́rì náà ìbá kùnà níwájú gbogbo ayé, àtúnṣe tí ó sì ṣe sí i lẹ́yìn náà ìbá dà bí ti ẹni tí ó gbọ́ ìdáhùn tán kí ó tó ṣe ìṣirò. Òjò àti ogun ni ó kó o yọ.

Ní Oṣù Kọkànlá 1915 ni Einstein parí tíọ́rì rẹ̀látífítì gbogbogbòò. Iye tuntun tí ó mú jáde jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtijọ́: 1.75 àáyá-igun, bí a ti ń ṣírò rẹ̀ lónìí, nígbà tí ti Newton jẹ́ 0.87. Ìdajì kìíní ni èyí tí àpótí fi hàn. Níbo ni ìdajì kejì ti wá?

Ẹ mú igbá kan, kí ẹ da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ fi okùn wọn etí rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn wọn láti etí kan, kí ẹ gba orí ìdí igbá náà kọjá dé etí kejì. Ká ní ojú pátákó tí ó tẹ́jú ni a fa òbírí náà sí ni, ìyíká rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀ àti díẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ti mọ̀. Ti igbá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ó gba orí rẹ̀ kọjá gùn ju bí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ lọ. Ohun tí Einstein wí ni pé àyè tí ó yí oòrùn ká ní ìwà bí ojú igbá, pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá yóò bá ọ̀nà tí ó fi díẹ̀ gùn ju èyí tí ìwé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ sọ. Inú irú àyè bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń gbà bọ̀, títẹ̀ àyè náà sì ni ó fi ìdajì kejì kún ti ìṣáájú. Àkàwé lásán ni igbá jẹ́ o: igbá ní ìta tí a lè dúró sí wò ó, àyè kò ní. Ohun tí ń rìn jẹ́jẹ́, bí òkúta tí a jù tàbí ilẹ̀ ayé tí ń yí oòrùn po, ìdajì kejì yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ìdí sì nìyí tí ìlànà Newton fi sin aráyé fún igba ọdún tí kò já wọn kulẹ̀ àfi níbi kékeré. Ìmọ́lẹ̀ tí ń sáré 300,000 kìlómítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń rí i ní kíkún.

Nígbà tí Einstein tẹ iṣẹ́ yìí jáde ní Berlin, ìwé kò gba tààrà láti Jámánì dé Ìlú Ọba mọ́. Willem de Sitter ní ilẹ̀ Họ́láńdì, tí kò sí nínú ogun, ni ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Arthur Eddington ní Cambridge. Ọmọ ìjọ Quaker ni Eddington, àwọn tí kì í gbé ohun ìjà. Ní 1918, ìjọba fẹ́ mú un wọṣẹ́ ogun, ó sì kọ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn. Frank Dyson, olórí àwọn awòràwọ̀ Ọba ní Greenwich, ni ó bá a bẹ̀bẹ̀. Láti 1917 ni Dyson ti tọ́ka sí i pé ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 1919 yóò jẹ́ ọjọ́ tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí pé àárín agbo ìràwọ̀ Hyades, tí ó kún fún ìràwọ̀ tí ń tàn dáadáa, ni oòrùn yóò wà nígbà tí òṣùpá bá bò ó. Wọ́n yọ̀ǹda Eddington kí ó lè múra ìrìn àjò náà sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ọkùnrin tí kò fẹ́ bá àwọn ará Jámánì jà ni a rán lọ láti lọ wò bóyá òótọ́ ni ará Jámánì kan sọ. Ìjọba fi £1,000 sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà, ó sì fi £100 sílẹ̀ fún irinṣẹ́.

Apá méjì ni wọ́n pín sí. Andrew Crommelin àti Charles Davidson lọ sí Sobral, ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Bràsíìlì. Eddington àti Edwin Cottingham lọ sí Príncipe, erékùṣù kékeré kan tí ó wà lábẹ́ Potogí nígbà náà, ní gúúsù etíkun Nàìjíríà. Oko kòkó ni ó kún ibẹ̀, Sundy sì ni orúkọ oko tí wọ́n to awò ìwòràwọ̀ wọn sí. Ní 1909, ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú, ni Cadbury àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí ń ṣe ṣokoléètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti ra kòkó àwọn erékùṣù náà mọ́, nítorí pé àwọn tí a kó wá láti Àǹgólà láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìgbé ayé ẹrú ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ dópin nínú igbó, orí àwọn òṣìṣẹ́ erékùṣù ni ẹrù awò náà gùn dé oko. Kò sí orúkọ wọn nínú ìròyìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òjò ńlá rọ̀ ní Príncipe pẹ̀lú àrá. Ó dá lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìkúukùu kò tán. Òkùnkùn náà yóò wà fún ìṣẹ́jú márùn-ún àti àáyá méjì. Eddington ń pààrọ̀ gíláàsì àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan débi pé kò ráyè wo ohun ìyanu tí ó wà lókè orí rẹ̀. Àwòrán 16 ni wọ́n yà. Nígbà tí wọ́n fọ̀ wọ́n, méjì péré ni ó wúlò, ìràwọ̀ márùn-ún ni ó sì hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní Sobral, pápá ìsáré ẹṣin ni wọ́n to irinṣẹ́ sí, ojú ọjọ́ sì dára. Awò méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rin. Ìkékeré yà dáadáa: àwòrán méje ni ó mọ́ gaara, ìràwọ̀ méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awò ńlá ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ooru oòrùn ti ṣe nǹkan kan sí dígí tí ń darí ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn ìràwọ̀ inú àwòrán rẹ̀ sì ṣú bàìbàì. Crommelin àti Davidson dúró di Oṣù Keje, wọ́n sì ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ náà ní òru níbẹ̀ kan náà. Eddington kò lè dúró bẹ́ẹ̀ ní Príncipe, nítorí ìbẹ̀rù pé kò ní í rí ọkọ̀ padà sílé.

Ibi tí ọ̀ràn wà nìyí. Awò kékeré ti Sobral sọ pé 1.98. Príncipe sọ pé 1.61. Awò ńlá ti Sobral sọ pé 0.93, èyí tí ó sún mọ́ ti Newton pẹ́kípẹ́kí. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, méjì ń gbè sí ọ̀dọ̀ Einstein, ẹnì kan ń gbè sí ọ̀dọ̀ Newton. Wọ́n fi ti ẹlẹ́rìí kẹta sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń bínú sí ìdájọ́ yìí. Ní 1980, John Earman àti Clark Glymour kọ̀wé pé ìgbàgbọ́ tí Eddington ní nínú tíọ́rì náà ni ó mú un yan ẹ̀rí tí ó wù ú. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀sùn náà sì tó gbé yẹ̀ wò, nítorí pé lóòótọ́ ni Eddington ti gba tíọ́rì náà gbọ́ kí ó tó wọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ti Sobral kò sí ní ọwọ́ Eddington. Greenwich ni wọ́n wà, Dyson ni ó sì pinnu lórí wọn, ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ gba tíọ́rì náà gbọ́. Ìdí tí ó fi kọ awò ńlá tún wà nínú ìṣirò. Nígbà tí awò bá yẹ̀, gbogbo àwòrán a fẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ó sún kì, gbogbo ìràwọ̀ a sì dà bí èyí tí ó sún kúrò ní ipò rẹ̀. Lórí gíláàsì awò tí ó dára jù nínú àwọn méjèèjì, ohun tí wọ́n ń wá kò tó ìdá kan nínú ogún mílímítà. Báwo ni a ó ṣe ya sísún tí oòrùn fà sọ́tọ̀ kúrò lára sísún tí awò fà? Bí a bá gbà pé yíyẹ̀ awò yí ìwọ̀n àwòrán padà, 0.93 ni a ó rí. Bí a bá gbà pé kò yí i padà, nǹkan bí 1.5 ni. Ẹlẹ́rìí tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bí a bá ti bi í léèrè, kò sí adájọ́ tí yóò gbé ẹjọ́ lé e lórí. Wọ́n kò sì fi pamọ́. Ó wà nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní 1920 fún ẹnikẹ́ni láti kà.

Ní 6 Oṣù Kọkànlá 1919, Royal Society àti Ẹgbẹ́ Awòràwọ̀ Ọba pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. J. J. Thomson ni alága, ó sì wí pé kò sí àbájáde kan nípa òòfà tí ó ṣe pàtàkì tó èyí láti ìgbà ayé Newton. Ludwik Silberstein dìde, ó tọ́ka sí àwòrán Newton tí ó wà lára ògiri, ó sì ní ó tọ́ kí wọ́n rọra nítorí ọkùnrin ńlá náà. Ohun tí ó sọ kì í ṣe ìsọkúsọ. Ohun mìíràn tí tíọ́rì náà sọ tẹ́lẹ̀ nípa àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wọn kò tíì rí i nígbà náà. Ìwé ìròyìn *The Times* gbé e jáde ní ọjọ́ kejì, orúkọ Einstein sì kárí ayé.

Kò pẹ́ tí ìríra fi wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1921, Philipp Lenard, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905, tí ó sì kórìíra àwọn Júù, wú ìwé Soldner jáde, ó sì tún un tẹ̀, kí ó lè fi hàn pé ará Jámánì kan ti sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú Einstein tí í ṣe Júù. Ẹni tí ó bá ti kà dé ìhín yóò mọ ibi tí Lenard ti ṣìnà: ìdajì ni Soldner sọ, odindi ni a sì rí ní 1919. Kò sí ẹni tí ó lè jí odindi lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìdajì.

Campbell, ẹni tí ìkúukùu dá dúró ní 1914, rí ìtura lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Òun àti Robert Trumpler lọ sí Wallal ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ní 1922, iye tí wọ́n sì rí jẹ́ 1.72. Ní 1973, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Texas gbé awò lọ sí Chinguetti ní Mọriténíà, níbi tí eruku aṣálẹ̀ ti bá wọn jà. Iye tiwọn náà gbè sí odindi. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, ọ̀nà mìíràn ti là. Láti 1969 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ẹ̀rọ rédíò wo àwọn ohun tí ó jìnnà réré lójú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Rédíò kò nílò kí òṣùpá bo oòrùn. Iye ti Einstein ni ọ̀nà yìí ti ń fi hàn láti ìgbà náà wá, àṣìṣe tí ó sì lè wà nínú rẹ̀ lónìí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Ní 1979, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí a bí Einstein, àwọn tí ó wà ní ibùdó ìwòràwọ̀ Greenwich kó àwọn gíláàsì Sobral jáde kúrò níbi tí wọ́n tò wọ́n sí láti ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbàlódé wọ̀n wọ́n. Awò kékeré sọ pé 1.90. Awò ńlá, èyí tí Dyson kọ̀, sọ pé 1.55, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fi 0.34 lé tàbí kí ó fi 0.34 dín, nítorí pé àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ ṣì ṣú bàìbàì bí wọ́n ti rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a yà wọ́n.